Ìkórè Mẹ́ta fún Bogalech

Ìró tí mo kọ́kọ́ mọ̀ láyé mi ni ti abẹ ọparun lára wẹẹsẹ. Ṣẹ́rẹ́, ṣẹ́rẹ́, ṣẹ́rẹ́. Á dákẹ́ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọgbà kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wa àti ilé Bogalech Jilo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè tó wà lókè ìlú Dilla ní Etiópíà. Mi ò tíì mọ ìrìn í rìn dáadáa tí mo ti mọ ìyàtọ̀ láàárín ìfá ti ìyá mi àti ti Bogalech. Ti ìyá mi máa ń já lójijì bí ẹni tó ń wúkọ́. Ti Bogalech máa ń gùn, kì í yára, kì í sì í kọsẹ̀. Àwọn obìnrin àdúgbò gbà pé kocho tí wọ́n bá fi wẹẹsẹ tí Bogalech fá ṣe, èèyàn kò ní rí fọ́nrán kan yọ nínú eyín.

Wẹẹsẹ ni oúnjẹ wa. Ó jọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lójú, àmọ́ kì í so ohun tí ẹnu ń jẹ. Ara rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ la máa ń fá, tí a ó rì mọ́lẹ̀ títí á fi kan, kí a tó fi ṣe kocho, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wa. Bí a bá fẹ́ kó bímọ, a ó gé e ní pẹlẹbẹ nítòsí ilẹ̀, a ó fi ṣóńṣó àdá gbẹ́ àárín rẹ̀ bí àwo, a ó rọ ìgbẹ́ màlúù àti erùpẹ̀ sínú rẹ̀, òjò á sì ṣe ìyókù. Kí oṣù mélòó kan tó kọjá, ọmọ á ti yọ yí i ká, ogójì nígbà mìíràn, ọgọ́rin nígbà mìíràn. Kò sí obìnrin tó mọ̀ ọ́n gbẹ́ tó Bogalech ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè wa. Mo ń sọ èyí ṣáájú nítorí pé ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ yẹn gan-an ló kó o sí ìjọ̀gbọ̀n.

Oko rẹ̀ kò tóbi. Èèyàn lè dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ kó sọ òkò dé ìpẹ̀kun rẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí odò ti bẹ̀rẹ̀. Dukale, ọkọ rẹ̀, ló fi sílẹ̀ fún un nígbà tí àìsàn mú un lọ. Bàbá Dukale ló sì gbin kọfí tó wà níbẹ̀. Ayùnré ló ga jù lókè, ó ń ṣíji bo gbogbo oko. Wẹẹsẹ wà lábẹ́ rẹ̀, kọfí wà lábẹ́ wẹẹsẹ, ẹ̀fọ́ àti ewébẹ̀ sì wà nílẹ̀ pátápátá. Kò sí ibi tí oòrùn ti lè dé ilẹ̀ láìkọ́kọ́ gba ọwọ́ ewé mẹ́ta kọjá.

Oríṣi kọfí mẹ́ta ló wà nínú oko yẹn. Kurume ní ewé kékeré àti èso kékeré, ó sì máa ń tètè pọ́n. Wolisho ní ewé fífẹ̀, èso rẹ̀ tóbi, àmọ́ bó bá so dáadáa lọ́dún yìí, ó di dandan kó sinmi lọ́dún tó ń bọ̀. Dega kò pọ̀. Òun ni Bogalech ń yan tó ń gún fún mímu ilé. Àwọn tó ń ra èso lọ́wọ́ wa kì í béèrè orúkọ. Wọ́n á da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú ìwọ̀n kan náà. Ìyá mi máa ń dà á pọ̀, gbogbo wa máa ń dà á pọ̀. Bogalech nìkan ló ń gbé agbọ̀n mẹ́ta lọ sóko.

Zenebech, ìyá mi, kì í jẹ́ kí èyí lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà béèrè bóyá Bogalech ti bi èso tó mú dání ní orúkọ bàbá rẹ̀ kó tó já a.

"Mo mọ bàbá rẹ̀," ni Bogalech á fèsì láìgbójú sókè. "Tìrẹ ló ń ṣe mí ní iyèméjì."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí ọ̀rẹ́ wọn ṣe rí nìyẹn.

Ìgbéraga Bogalech kì í ṣe ti aṣọ tàbí ti ohùn. Ó wà nínú bó ṣe ń wo igi. Mo ti rí i tó dúró níwájú kọfí kan fún ìgbà pípẹ́, tó kó ọwọ́ sẹ́yìn, bí ẹni tó ń wo ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó parí ilé ìwé. Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀, mo sì rò pé ẹni tí kò ní ju ilẹ̀ kékeré kan lọ ní ẹ̀tọ́ láti fi ilẹ̀ náà gbéra ga. Àmọ́ irú ìgbéraga bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí etí gbọ́ ọ̀rọ̀ tán.

Àwọn igi kọfí náà ti darúgbó. Wọ́n ti ga ju èèyàn lọ, ẹsẹ̀ wọn ti pá, èso kò sì sí mọ́ àyàfi ní ṣóńṣó, níbi tí èèyàn ní láti fi ọ̀pá ìwọ́ fà á wálẹ̀. Lọ́dọọdún ni agbọ̀n ń fúyẹ́ sí i. Hirut, ọmọbìnrin tí wọ́n rán wá láti máa kọ́ àwọn àgbẹ̀, pe gbogbo wa jọ sí ìta ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìkórè. Ó ní kí a gé àwọn igi tó ti gbó ní ìwọ̀n orúnkún, pé wọ́n á tún hù ní ọ̀tun. Àwọn èèyàn kùn. Ta ni yóò gbé ayùn sí ohun tí bàbá rẹ̀ gbìn? Kí ni èèyàn yóò sì jẹ fún ọdún méjì tí kùkùté kò ní so?

Bogalech ò kùn ní tiẹ̀. Bó ṣe gbọ́ pé ohun tí a bá gé á tún hù, ó dìde, ó gbọn ìdí aṣọ rẹ̀.

"Ìyá, mi ò tíì parí o," ni Hirut wí.

"O ti parí fún èmi," ni Bogalech dá a lóhùn. "Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń gé nǹkan kó lè hù."

Ó yá ayùn. Láàárín ọjọ́ méjì, ó gé ogójì wolisho ní apá ìsàlẹ̀ oko, ó sì gé wọn dáadáa, pẹlẹbẹ bí ojú tábìlì. Ó fi ṣóńṣó àdá gbẹ́ àárín kùkùté kọ̀ọ̀kan. Ó po ìgbẹ́ màlúù mọ́ erùpẹ̀, ó rọ ọ́ sínú wọn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó parí, ó pe ìyá mi wá wò ó. Ìyá mi wo ogójì kùkùté náà, ó ní wọ́n jọ àwo ọbẹ̀ tí wọ́n tò kalẹ̀ de àlejò. Inú Bogalech dùn sí ọ̀rọ̀ náà.

Òjò bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta. Omi dúró sínú gbogbo àwo yẹn. Lóṣù kẹrin, nígbà tó yẹ kí èéhù yọ, ohun tó yọ ni olú. Èèpo kùkùté di dúdú, ó ń ṣí fúnra rẹ̀. Mo rí i láti inú ọgbà wa lọ́jọ́ tó kúnlẹ̀ tó ń fi èékánná ha èèpo náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń wá ibi tó ṣì tutù. Ó kúnlẹ̀ ti kùkùté kìíní títí dé ogójì.

Ẹni tó kọ́kọ́ wá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ni Boru, àbúrò ọkọ rẹ̀. Oko rẹ̀ wà lápá kejì odò. Ó wá lọ́jọ́ Àìkú, ó rìn yí oko náà ká, lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìyàwó wa, mo rí i pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbin olú."

"Ọkọ mi, bí ẹ bá ń jẹ olú, ẹ sọ kí n bù fún yín."

Àmọ́ kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ ló bá wá. Ó ti pẹ́ tó ti ń wo ilẹ̀ yẹn. Igi yúkálì ló fẹ́ gbìn síbẹ̀, èyí tó ń yára ga, tó ń tọ́, tí àwọn akọ́lé Dilla ń fẹ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé ibi tí yúkálì bá ti mu omi, wẹẹsẹ kì í yè níbẹ̀ mọ́. Boru gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbààgbà, ó ní oko ẹ̀gbọ́n òun ń kú lọ́wọ́ obìnrin, kí wọ́n jẹ́ kí òun máa bójú tó o. Bí wọ́n bá gbà fún un, Bogalech á ṣì máa gbé inú ilé rẹ̀, àmọ́ kò ní ní igi kan lóde tó lè pè ní tirẹ̀. Gbogbo wa ló yé, òun ló sì yé jù.

Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n jókòó. Hayicha Jigiso ló jẹ́ olórí wọn, bàbá arúgbó tó jẹ́ pé bó bá ti di ojú báyìí, o ò ní mọ̀ bóyá ó ń gbọ́ tàbí ó ń sùn. Boru sọ tirẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì mọ́gbọ́n dání. Gbogbo èèyàn ń retí pé kí Bogalech sọ pé kòkòrò ni, tàbí pé òjò ọdún yẹn ló burú, tàbí pé ojú burúkú ẹnìkan ló wọ oko òun. Ìyẹn ni a máa ń sọ. Ó dìde.

"Ẹ̀yin bàbá mi, kò sẹ́ni tó ṣe mí. Mo gé kọfí bí ẹni ń gé wẹẹsẹ. Mo gbẹ́ àárín rẹ̀, mo rọ ìgbẹ́ sí i. Omi dúró sí i, ó jẹrà. Ọmọ yẹn fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é, mi ò dúró gbọ́."

Àgbàlagbà kan kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu, ni ẹ̀rín bá bú jáde níhà gbogbo. Hayicha Jigiso fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Bogalech dúró títí wọ́n fi rẹ́rìn-ín tán. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì tẹ orí ba. Mo rò pé ohun tó ṣòro jù tó ṣe nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, ó sì ju fífa ayùn lọ.

Bàbá náà nu ojú rẹ̀, ó bi í pé kí ló ń fẹ́. Ó ní òun fẹ́ gé òmíràn bó bá di oṣù kìíní, àti pé kí wọ́n fún òun ní ìkórè mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìkórè mẹ́ta," ni Hayicha Jigiso wí. "Bí ẹ̀kẹta bá dé tí mi ò rí èso lórí ohun tó o gé, Boru á gbin ohun tó bá wù ú."

Lọ́jọ́ kejì, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ Hirut pẹ̀lú kocho gbígbóná tó wé sínú ewé. Hirut sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ó jókòó bí ọmọ ilé ìwé, ó sì mú kí òun tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ó gé e ní ìdagẹ̀rẹ̀ kí omi lè ṣàn kúrò. Kí ayùn mú, kí èèpo má ya. Kí ó fi ẹ̀ka kan sílẹ̀ lára igi kó lè máa fi mí títí èéhù á fi yọ. Bí èéhù bá yọ, kí ó yan méjì, kí ó yọ ìyókù dànù.

Ìyá mi ló bá a di igi mú ní oṣù kìíní. Ọgọ́ta kurume ni wọ́n gé lápá òkè oko, ó sì gba wọ́n ní ọjọ́ márùn-ún, nítorí Bogalech á kọ́kọ́ bu omi sórí kùkùté kọ̀ọ̀kan kó wo ibi tó ń ṣàn sí. Ìyá mi ní kó kúkú fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí òjò wá, omi ṣàn kúrò. Èéhù yọ, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún lórí kùkùté kan. Níbẹ̀ ni ohun mìíràn ti dé bá a. Obìnrin tó ti fi ogójì ọdún yọ̀ sí ọmọ wẹẹsẹ, tó ń kà wọ́n, tó ń pín wọn fún ẹni tó ń gbéyàwó, òun náà ló ní láti fi àtàǹpàkò ṣẹ́ èéhù tútù mẹ́tàdínlógún dànù kí méjì lè yè. Ó ń ṣe é, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́.

Àwọn wolisho tó jẹrà, ó wú gbòǹgbò wọn jáde. Ó mú èso láti ara mẹ́rin tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó gbìn ín sínú ọ̀rá kéékèèké, ó sì tò wọ́n sábẹ́ ewé wẹẹsẹ. Hirut mú irú tuntun wá fún un, èyí tí àìsàn kì í tètè mú, ó ní kó fi gbin gbogbo apá ìsàlẹ̀, kí ó jẹ́ irú kan náà. Bogalech gba mẹ́wàá. Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ wo ìwà wọn, òun ò ní lé wolisho kúrò nílé nítorí wọn. Ó ṣàlàyé fún Hirut pé lọ́dún tí wolisho bá ń sinmi, kurume ló ń bọ́ òun. Lọ́dún tí kurume bá sì pọ́n ṣáájú àkókò, wolisho ló ń dúró de òun. Hirut kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé rẹ̀.

Ìkórè kìíní dé, kùkùté kò so nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀nba igi tí kò gé ló fi gbé ọdún náà. Mihret, ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní Dilla, ránṣẹ́ pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ó dá a lóhùn pé ta ni yóò máa bá òun wo oko.

Lọ́dún kejì, òdòdó bo ẹ̀ka, funfun báláú, òórùn rẹ̀ wọ inú ilé wa. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni òjò yìnyín rọ̀. Kò pẹ́, kò ju kí èèyàn sun kọfí kó sì gún un lọ. Nígbà tó dá, òdòdó ti tẹ́ sílẹ̀ bí aṣọ. Ìkórè kejì kò kún agbọ̀n kan. Ó wá di pé ìkórè kan ṣoṣo ló kù.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Boru wá pẹ̀lú okùn àti ọ̀pá ọparun. Ó fi ẹsẹ̀ wọn oko náà, ó sì ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ síbi tí yúkálì máa dúró sí, lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀pá méjìlélọ́gbọ̀n. Bogalech ń wò ó. Ìyá mi pariwo mọ́ ọn láti inú ọgbà pé ẹni tí kò tíì kú ni wọ́n ń wọn pósí fún yìí. Boru ní òun kàn ń múra sílẹ̀ ni. Bogalech ní kí wọ́n jẹ́ kó ṣe é.

Lọ́dún kẹta, yìnyín kò rọ̀. Òdòdó di èso, èso di bóńbó. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹsàn-án, ẹ̀ka kurume ti tẹ̀ débi pé àwọn mìíràn ń kan ilẹ̀. Bogalech lọ tu ọ̀pá Boru lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi gbé ẹ̀ka dúró. Gbogbo méjìlélọ́gbọ̀n ló lò, kò tó.

Àwọn àgbààgbà dé ní oṣù kọkànlá, nígbà tí oòrùn àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú oko. Èso pupa wà lára igi láti ìsàlẹ̀ dókè, igi tí ọmọdé lè ká láìgbé ọwọ́ sókè. Hayicha Jigiso lọ síbi kùkùté kan, ó fi ọwọ́ pa ojú ibi ìdagẹ̀rẹ̀ tí wọ́n gé e. Ó já èso kan, ó jẹ ẹ́, ó tu irúgbìn rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó: méjì, yíyó, dídán. Ó tún já òmíràn jẹ.

"Boru," ló pè é. "Ọ̀pá ta ni ó wà lábẹ́ ẹ̀ka wọ̀nyí?"

"Tèmi ni, bàbá."

"O ṣeun tó o bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ gbé ẹrù."

Ẹ̀rín sọ. Boru náà rẹ́rìn-ín, kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe. Hayicha Jigiso ní ọ̀rọ̀ oko náà ti tán, kí ẹnikẹ́ni má gbé e wá síwájú òun mọ́. Bogalech kò kúnlẹ̀ dúpẹ́ púpọ̀. Ó ní kí wọ́n wá mu kọfí. Dega ló sun fún wọn, wọ́n sì mu ún lẹ́ẹ̀mẹta bó ṣe ń bu omi kún un, títí dé èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi lásán, kò sẹ́ni tó dìde ṣáájú.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, Boru fà sẹ́yìn. Ó ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀.

"Ìyàwó wa, kọfí tèmi náà ti darúgbó."

"Mo mọ̀. Mo ń rí i láti ibí."

"Ṣé ẹ lè wá bá mi wò ó?"

"Màá wá lẹ́yìn ìkórè. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa fa ayùn, ẹ ó sì dúró gbọ́ mi títí n ó fi sọ̀rọ̀ tán."

"Màá dúró," ni Boru wí, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sápá odò.

Ìyá mi fẹ́ dúró kí àwọn méjèèjì jọ sọ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bogalech ní kó máa lọ, oòrùn ti mú. Ó gbé ìjókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ tó sá kọfí sí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ yí kurume náà padà láti apá kan dé èkejì, ó ń ṣa èyí tó là, èyí tí kòkòrò jẹ, èyí tó ṣì tutù, ó ń jù wọ́n sínú igbá. Wolisho kò ju ẹ̀kúnwọ́ mélòó kan lọ. Ó tò ó sí igun tirẹ̀, ó yí òun náà padà. Nígbà tí òjìji ayùnré kúrò lórí pẹpẹ, ó ta aṣọ lé kọfí lórí kí ooru ọ̀sán má bàa là á. Ó fà á tọ́, ó gbé òkúta lé igun kìíní, ó yí lọ sí ìkejì àti ìkẹta, ó gbé òkúta tó kù lé igun kẹrin.